Leon Draisaitl àti ìdájọ́ àwọn oníkánjú

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 2025, ẹgbẹ́ Edmonton Oilers ti orílẹ̀-èdè Kánádà pàdánù ife-ẹ̀yẹ Stanley Cup sọ́wọ́ Florida Panthers fún ìgbà kejì léraléra. Bí eré náà ṣe parí ni ìbéèrè àtijọ́ kan tún gba ẹnu àwọn tó ń tẹ̀lé eré họ́kì orí yìnyín: ṣé a lè ka Leon Draisaitl, ọmọ Jámánì tó jẹ́ òpó pàtàkì nínú ẹgbẹ́ Edmonton, mọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ inú eré náà nígbà tí kò tíì gbé ife yìí rí? Lójú tèmi, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ló wọ́. Ìgbà kẹta nìyí tí àwọn oníkánjú ń jókòó ṣèdájọ́ ọkùnrin yìí. Nígbà méjèèjì àkọ́kọ́, ẹjọ́ náà yí dà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún òǹkàwé tí kò bá wò ó rí. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a, pẹ̀lú bàtà tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́. Ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé wà lára wọn. Róbà pẹlẹbẹ líle kan ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá dípò bọ́ọ̀lù. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbá a. Eré náà yára púpọ̀ débi pé eléré kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹlòmíràn tó bọ́ sí ipò rẹ̀; yóò jókòó sinmi díẹ̀, yóò sì tún padà wọlé. NHL, tí àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń gbá, ni líìgì tó ga jù lọ lágbàáyé, Stanley Cup sì ni ife rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí eléré ṣe, wọn a ka góòlù tó jẹ fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó gbé kalẹ̀ fún ẹlòmíràn láti jẹ, wọn a sì pè é ní àmì.

Ìlú Cologne ni wọ́n bí Draisaitl sí ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọba eré ìdárayá ní Jámánì, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwọn, họ́kì ni oúnjẹ òòjọ́, nítorí pé Peter, bàbá rẹ̀, ń gbá a fún ẹgbẹ́ ìlú náà àti fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nígbà tí Leon wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ní ìlú Mannheim, ó kó àmì 192 jọ nínú eré 29 ní sáà kan ṣoṣo, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Prince Albert, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Saskatchewan ní Kánádà, láti gbá bọ́ nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, Edmonton mú un ní ipò kẹta nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn. Wọn kò tíì mú ọmọ Jámánì kankan ní ipò tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti wáyé. Ó bọ́ sínú NHL lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn eré 37, góòlù méjì péré ló ní, àmì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Edmonton dá a padà sí líìgì àwọn ọ̀dọ́ tó ti wá. Ọ̀rọ̀ tó gbòde nígbà náà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí yìnyín, àti pé bóyá ẹgbẹ́ náà ti ṣìnà nínú ẹni tí wọ́n yàn. Ẹ wo ọmọ ọdún 19 kan tó wà ní ìlú òkèèrè, tí gbogbo ayé rí i nígbà tí wọ́n pè é gun orí ìjókòó àwọn àgbà, tí gbogbo ayé tún rí i nígbà tí wọ́n ní kó dìde níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹgbẹ́ Kelowna Rockets ni Draisaitl parí sáà náà pẹ̀lú. Wọ́n gba ife líìgì wọn, wọ́n sì lọ sí ìdíje Memorial Cup, tó jẹ́ òkè pátápátá fún àwọn ọ̀dọ́ agbáhọ́kì ní Kánádà. Kelowna pàdánù àṣekágbá náà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Oshawa nínú àfikún àsìkò, síbẹ̀ Draisaitl ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ eléré tó dára jù lọ nínú ìdíje ọ̀hún. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún rán an lọ sí líìgì kejì, ní ìlú Bakersfield ní California. Eré mẹ́fà péré ló gbá níbẹ̀ kí Edmonton tó ránṣẹ́ pè é. Nínú eré tó kọ́kọ́ gbá lẹ́yìn ìpadàbọ̀ náà, ó jẹ góòlù méjì sínú àwọ̀n Montreal. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá a padà sí ibikíbi mọ́.

Ìdájọ́ kejì dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Draisaitl ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà kan pẹ̀lú àmì 77, Edmonton sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 68 dọ́là. Àwọn kan lọgun. Wọ́n ní owó náà ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 21 tó ní sáà ńlá kan péré. Wọ́n tún ní ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lára rẹ̀, yíyá ló yá a lọ́wọ́ Connor McDavid, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí irú rẹ̀ láyé báyìí, tó sì ń bá a gbá nínú ẹgbẹ́ kan náà.

Ọdún méjì kò pé tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Ní sáà tó parí ní 2019, Draisaitl jẹ góòlù 50, àmì rẹ̀ sì wọ 105. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, kí àrùn Kòrónà tó dá eré dúró, ó ti kó àmì 110 jọ nínú eré 71, kò sì sẹ́ni tó tó o nínú gbogbo líìgì, McDavid pàápàá kò tó o. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Art Ross fún àmì tó pọ̀ jù lọ. Ó gba Hart, èyí tí àwọn akọ̀ròyìn eré náà ń dìbò yan ẹni tó wúlò jù lọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Ó tún gba Ted Lindsay, èyí tí àwọn eléré NHL fúnra wọn ń dìbò fún. Òun ni ọmọ Jámánì àkọ́kọ́ tó gba Hart. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá ní Jámánì yàn án ní akọni eléré ìdárayá ọkùnrin ọdún náà, ipò tí agbáhọ́kì kankan kò dé rí. Owó tí wọ́n ní ó pọ̀ jù wá di owó tí wọ́n ń sọ pé Edmonton fi ra ọjà ní ọ̀pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ mìíràn, mílíọ̀nù 112 dọ́là ni iye rẹ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì mọ ilé tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lóru, àkọlé kò sì lè sọ pé ẹ jẹ́ ká dúró wò ó ná. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ó ti tán fún lágbájá yóò rí òǹkàwé. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́ kò ní rí. Lóde òní tí orí fóònù ti gba iṣẹ́ náà, kò sí òru mọ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá ẹjọ́. Ìyẹn ni kò ṣe yà mí lẹ́nu pé ìdájọ́ kẹta tètè dé bẹ́ẹ̀.

Kí n tó fèsì sí i, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1992 ní Albertville, Jámánì bá Kánádà ta ọ̀mì góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta ní ìpele tó ṣáájú èyí tó kángun sí àṣekágbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí aṣọ́lé. Peter Draisaitl ni ìrètí Jámánì kẹ́yìn. Ó gbá a, róbà náà gba abẹ́ aṣọ́lé Kánádà, Sean Burke, ó yí gbiri-gbiri lọ sí ìlà ojú ilé, ó sì dúró sórí ìlà náà gan-an. Kò wọlé. Kánádà kọjá, wọ́n sì gba fàdákà nígbẹ̀yìn. Peter ṣì gbá họ́kì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó sì tún di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ rẹ̀ títí dòní, róbà tó dúró sórí ìlà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Ọjọ́ kan ṣoṣo là á bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo ni ojú ń tini. Èmi kò rí òdodo nínú kí a fi ìwọ̀n ìka kan lórí yìnyín wọn gbogbo ìgbésí ayé ọkùnrin kan, tí a sì tún fẹ́ fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọn ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣòdodo gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní ife ni gbogbo wọn ń lé, àti pé akọni ni ẹni tó bá dúró nígbà tí ogun gbóná. Wọ́n ní nínú eré méje tí wọ́n fi gbá àṣekágbá ọdún 2024, Draisaitl kò jẹ góòlù kankan. Òótọ́ ni. Ìfarapa wà lára rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ṣì ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Òun ló jẹ góòlù jù lọ nínú gbogbo NHL ní sáà náà, 52. Nínú àṣekágbá 2025, òun ló jẹ góòlù tó fún Edmonton ní ìṣẹ́gun nínú àfikún àsìkò eré àkọ́kọ́, òun náà ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré kẹrin, lẹ́yìn tí Florida ti fi góòlù mẹ́ta ṣáájú wọn. Góòlù àfikún àsìkò mẹ́rin ló jẹ nínú ìdíje ife ọdún yẹn. Kò sí eléré tó ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí NHL ti wà. Ìṣẹ́gun méjì tí Edmonton ní nínú àṣekágbá náà, ọwọ́ rẹ̀ ni méjèèjì ti wá. Bí èyí kò bá jẹ́ dídúró nígbà tí ogun gbóná, kí la ó máa pè é?

Ohun tí àwọn adájọ́ náà gbàgbé ni bí eré họ́kì ṣe rí. Nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú, eléré iwájú tí wọ́n fọkàn tán jù lọ kì í sábà lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ lórí pápá. Ìyókù eré náà, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wò ó bíi tiwa. Ogún ènìyàn ló ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ẹni tó sì lè sọ ife di àléébá jù lọ ni aṣọ́lé, iṣẹ́ tí Draisaitl kò lè bá a ṣe. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú àṣekágbá yẹn gan-an. Ọmọ Jámánì kan gbé ife lọ́dún 2025: Nico Sturm, ọmọ ìlú Augsburg, tó wà nínú ẹgbẹ́ Florida. Ó ti gbé e pẹ̀lú Colorado ní 2022 tẹ́lẹ̀. Eléré tó ń ṣiṣẹ́ takuntakun ni, ife méjèèjì sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé tí yóò sọ pé Sturm ta Draisaitl yọ nínú eré yìí. Bí ife kò bá lè dáhùn ìbéèrè láàárín ọmọ Jámánì méjì tó wà lórí pápá kan náà, báwo ló ṣe fẹ́ dá ẹjọ́ gbogbo àwọn tó ti gbá họ́kì rí? Marcel Dionne jẹ góòlù 731 nínú NHL, kò gbé Stanley Cup títí tó fi fẹ̀yìn tì, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a fi wọn eléré kò ṣòro: kí ló ṣe nígbà tí wọ́n dá a padà, àti pé ọdún mélòó ló fi ń ṣe é? Ọmọ ọdún 19 tó lọ sí Kelowna láìbínú ni ọkùnrin ọdún 29 tó jẹ góòlù 52. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọmọ Jámánì mìíràn ti bọ́ sí ojú ọ̀nà tó là: Edmonton mú un ní ipò kẹta ní 2014, Detroit mú Moritz Seider ní ipò kẹfà ní 2019, Ottawa sì mú Tim Stützle ní ipò kẹta ní 2020. Ilé ẹ̀kọ́ họ́kì Mannheim ni àwọn méjèèjì tún gbà kọjá. N kò sọ pé òun nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan ọ̀dọ́ fún ẹgbẹ́ lónìí kò tún ń béèrè bóyá ọmọ Jámánì lè ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kí Draisaitl gbé ife náà lọ́jọ́ kan, ó sì ṣeé ṣe kó má gbé e. Bó bá gbé e, inú mi yóò dùn sí i. Àwọn tó ń dájọ́ lónìí yóò sì sọ lọ́jọ́ náà pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.