Ẹnu Kò Gbọdọ̀ Purọ́ fún Ahọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, òótọ́ a sì máa korò ju ọtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọtí náà ni India Pale Ale, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní IPA. Ní ilé ọtí kékeré kan ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé agolo rẹ̀ ka iwájú wa. Owó rẹ̀ ga, àwòrán ara rẹ̀ sì jojú ní gbèsè. A mu ún, gbogbo wa sì yìn ín. Èmi náà yìn ín. Bẹ́ẹ̀ imú mi ti sọ fún mi pé ọtí náà ti kú: òórùn páálí tí òjò pa ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí a jáde, àbúrò mi kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbádùn ohun tí a mu yẹn lóòótọ́?" N kò lè dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lálẹ́ ọjọ́ náà, owó lọ́wọ́ ni a fi ra èké, a sì mu ún.

Ìtàn ni wọ́n fi ń ta ọtí yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn náà wò. Wọ́n ní George Hodgson, apọntí kan ní Bow ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ló dá a sílẹ̀ nítorí pé kò sí bíà mìíràn tó lè dé Íńdíà láìbàjẹ́. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Porter, bíà dúdú tí àwọn sójà fẹ́ràn, ń dé Íńdíà láyé ìgbà kan náà, wọ́n sì ń mu ún níbẹ̀. Ohun tó gbé Hodgson ga ni pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí Blackwall, níbi tí ọkọ̀ East India Company ń gúnlẹ̀ sí, àti pé ó ń ta àwìn fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1820, Allsopp ní Burton-on-Trent bá a du ọjà náà. Ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ń pè ní gypsum, tó pọ̀ nínú omi ìlú náà, jẹ́ kí ìkorò ọtí wọn mọ́ gaara lẹ́nu. Ọjà ló sọ ọtí yìí di ńlá, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ tún wo èyí. IPA ìgbàanì lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nínú àgbá lórí òkun, ó sì ń gbó sí i. Èyí tí àwọn apọntí kéékèèké Amẹ́ríkà sọ jí, pẹ̀lú òdòdó họ́ọ̀pù bíi Cascade tó jáde ní 1972, kò ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Òórùn ọsàn àti ti igi páìnì tí a fi ń yìn ín kì í pẹ́ fò lọ. Afẹ́fẹ́ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n wá ń fi orúkọ ìrìn àjò òkun ta ọtí tí kò lè fara da pẹpẹ ìtajà.

Àwọn adájọ́ tó mọṣẹ́ kì í ṣe bíi tiwa. Nínú ìwé ìdájọ́ BJCP ti Amẹ́ríkà, 50 ni gbogbo máàkì: òórùn gba 12, ìrísí 3, adùn 20, bí ó ṣe rí lẹ́nu 5, èrò adájọ́ lápapọ̀ 10. Orúkọ kò ní máàkì. Ìtàn kò ní máàkì. Owó kò ní máàkì. Ẹni tó bá sì rò pé èyí tó korò jù ló dára jù, kí ó lọ bi ẹni tó ń se ewúro: a kì í sè é láìfọ̀, a kì í sì í fọ̀ ọ́ títí ìkorò rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Adùn ọkà báálì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìkorò họ́ọ̀pù kí a tó lè pè é ní ọtí.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ ọtí lásán ni, kí ló kan àṣà nínú rẹ̀? Ó kàn án gidigidi. Ní ìdí ẹmu nílé, bí ẹmu bá ti kan, a óò sọ fún ẹlẹ́mu lójú ara rẹ̀. Bí ó bá bu omi là á, a óò sọ. Ẹnikẹ́ni kì í gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó sọ ọ́. Kí ló dé tí a sọdá òkun tí ahọ́n wa di ti ẹlòmíràn? A rò pé ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ nìkan ló mọ adùn rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdájọ́ ẹnu ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ní pẹ́ fi ìdájọ́ mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyìn èké wa sì ń ṣe apọntí rere níbi, nítorí òun àti ọ̀lẹ ń gba ìyìn kan náà.

Nítorí náà, kí a wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìdí agolo, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a tọ́ ọ wò, kí a dúró díẹ̀, kí a sì sọ ohun tí a bá níbẹ̀. Àbúrò mi, ọtí yẹn ti kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń yìn ín.