Kíka Ìlù Ọkàn Lórí Ìwé

Láti ọdún 1903, nígbà tí Willem Einthoven, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ròyìn ẹ̀rọ rẹ̀, ni àwọn oníṣègùn ti ń fi irú rẹ̀ wo lílù ọkàn lórí ìwé. Òun náà ni ó sọ ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ìlà náà ní P, Q, R, S àti T.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mìíràn a máa há àwòrán wọ̀nyí sórí bí orin. Àṣà burúkú ni. Kíkà ni ó yẹ kí wọn ó fi bẹ̀rẹ̀. A fa ìlà sí ìwé náà ní àpótí-àpótí, a sì máa rìn ní mílímítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àpótí ńlá mẹ́rin bá wà láàárín R kan àti èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ pín 300 sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà 75 ni ọkàn náà ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, ó di 150; eré àsápajúdé ni èyí fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rọ òde òní a máa kọ ìdáhùn sórí ìwé fúnra rẹ̀, ọ̀lẹ a sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa ṣì í. Bí òtútù bá ń gbọn aláìsàn, ìlà náà lè rí jágajàga bí ẹni pé ọkàn ti dàrú. Bí wáyà bá já kúrò lára rẹ̀, ìlà a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti òkú, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn náà jókòó, ó ń béèrè omi. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àrùn kankan kí ó tó wo ojú ẹni tí ó wà lórí ibùsùn, kí ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.