Kí wọ́n tó yọ eyín yín dànù, ẹ bi wọ́n bóyá fìlà lè gbà á

Eyín púpọ̀ ni wọ́n ń yọ dànù nílẹ̀ wa tó yẹ kó ṣì wà lẹ́nu ẹni tó ni ín. Kòkòrò á jẹ ihò sí i lára, tàbí kí òkúta inú ìrẹsì là á. Akokoro á bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà á fi oògùn inú bọ́ọ̀sì pa á mọ́ra títí, kó tó di pé kò rí oorun sùn mọ́, tó wá gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu ẹ̀ jáde ni, "Ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́." Wọ́n á yọ ọ́ lóòótọ́, owó rẹ̀ ò pọ̀, ìrora á lọ. Wọ́n lè má sọ fún un rárá pé ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀rọ̀ òfin ni àìsọ yẹn, màá sì dé ibẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn náà ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní crown. Adé ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, àmọ́ tí ẹ bá wo iṣẹ́ tó ń ṣe, fìlà ló jọ, nítorí náà fìlà eyín ni màá máa pè é níbí. Tí kòkòrò bá ti jẹ eyín wọ inú, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe root canal: wọ́n á kó ẹran inú eyín tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fọ ojú ihò inú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á sì dí i. Ìrora á lọ, ṣùgbọ́n eyín bẹ́ẹ̀ kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ, egungun ẹran kan péré lè là á sí méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé e ní fìlà. Wọ́n á fá ara rẹ̀ díẹ̀ yíká, wọ́n á gba bátànì rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rọ ọ́, wọ́n á sì fi fìlà onígbà díẹ̀ bò ó títí gidi fi máa dé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà lọ ni wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òmíràn jẹ́ irin lásán, òmíràn jẹ́ irin tí wọ́n fi tánganran funfun bò, òmíràn sì jẹ́ zirconia, tó funfun tó tún le. Tí èèyàn bá ń fọ ìdí rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 10 sí 15, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá fọ̀ ọ́, kòkòrò á gba etí fìlà wọlé jẹ eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó tí a ò rí rí ni o. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin mọ eyín góòlù. Tí Alhaja bá ti Mẹ́kà dé, tó rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó lọ ó bọ̀. Fìlà eyín náà ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, orí eyín tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n sì ń dé e sí. Bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí oge, kó tó di pé a gbọ́ pé àtúnṣe ni. Oge náà sì tún ti padà dé. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí Tọ́kì kí wọ́n lè bá wọn fá eyín tó dá ṣáṣá, kó lè funfun bíi ti inú fíìmù, débi pé àwọn ará Ìlú Ọba ti sọ ọ́ lórúkọ: Turkey teeth. Èèpo eyín tí wọ́n bá sì ti fá, kì í hù padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí eyín rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan ń gba fìlà, ẹni tí tirẹ̀ fọ́ kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ó wá ku òfin. Abala 23 nínú National Health Act ti ọdún 2014 sọ pé dandan ni kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ ipò tí ara rẹ̀ wà fún un, oríṣi ìtọ́jú tó wà fún un, àǹfààní, ewu àti owó tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Òfin náà tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi bá a sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bí ìwé tó kà ṣe mọ. Ẹ tún ìyẹn kà. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà lẹ́tọ̀ọ́ sí i pé kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé fìlà eyín fún un kí wọ́n tó mú irin. Lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti fi múlẹ̀ pé aláìsàn tó ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, ló ni ìpinnu lórí ara rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá pinnu lórí ohun tí wọn ò sọ fún un?

Mo mọ èsì tí wọ́n sábà máa ń fọ̀. Wọ́n á ní, kí la fẹ́ máa sọ fún un sí, ṣé ó lè san án ni? Òótọ́ ni pé ó wọ́n. Owó oṣù tí ìjọba là kalẹ̀ lọ́dún 2024 gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, ₦70,000, kò tó fìlà kan péré ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni l'Ékòó. Àmọ́ ta ló bá wọn ka àpò rẹ̀? Bóyá àjọ rẹ̀ ti fẹ́ kàn. Bóyá ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Bóyá ó máa ní kí wọ́n fọ inú eyín náà báyìí, kí wọ́n dí i, kóun wá gba fìlà tówó bá dé, ìyẹn kò sì burú bíi pé kí eyín lọ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó pẹ́ jù. Wíwo ojú èèyàn kéèyàn fi díwọ̀n owó rẹ̀, kò sí nínú abala 23.

Àwọn dókítà náà kò jẹ̀bi tán ṣá. Eyín mìíràn wà tí fìlà ò lè gbà: gbòǹgbò rẹ̀ ti là, tàbí ẹran ìdí eyín ti jẹrà débi pé ó ń mì. Yíyọ ló tọ́ sírú ìyẹn. Àwa náà la sì máa ń pẹ́ kí á tó lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn ò rò ni pé eyín tí a yọ kò tíì parí ináwó. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àyè tó ṣí sílẹ̀, èyí tó dojú kọ ọ́ á máa yọ sísàlẹ̀ tàbí sókè, èèyàn á wá máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òmíràn dípò rẹ̀ tí kì í ṣe èyí tó ń bọ́ sínú ife lálẹ́, wọ́n lè ní àfi kí wọ́n fá eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ri irin mọ́ egungun àgbọ̀n. Owó ìyẹn máa ń ju ti fìlà kan lọ.

Ẹ̀yin aṣòfin, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀ báyìí. Òfin NHIA ti ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn. Ẹ wo ohun tó wà fún eyín nínú ìlànà NHIS tó ṣáájú rẹ̀: kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n yọ ọ́. Tí ihò bá ti kọjá dídí, yíyọ ló kù. Lórílẹ̀-èdè England, iye kan náà ni wọ́n fi lé fìlà lábẹ́ NHS, £319.10 lọ́dún 2024. Àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń pariwo pé dókítà eyín tó máa gbani ṣòro rí, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó wà nínú ìwé. Mi ò ní kí ìjọba máa ra zirconia fún gbogbo ayé. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà onírin fún eyín ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ṣe root canal fún. Ta ló ń wo ẹ̀yìn ẹnu èèyàn?

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ béèrè: ṣé eyín yìí ṣì ṣeé gbà là? Tó bá ṣeé gbà là, èló ni, irú fìlà wo ni, ìgbà mélòó ni màá wá? Ẹ ní kó kọ iye owó náà sílẹ̀. Tó bá wọ́n jù, ẹ béèrè ti àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín, bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ti Ifásitì Ifẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé e. Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń lẹ góòlù nínú ṣọ́ọ̀bù o, torí kò ní wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí dókítà bá sì ní àfi kóun yọ ọ́, kó sọ ohun tó rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, kó sì fi hàn yín nínú àwòrán X-ray.