Nítorí kàsẹ́ẹ̀tì géèmù, àbúrò mi àti ọmọ àǹtí wa ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin!

Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ìjà ilẹ̀, kì í ṣe ìjà obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ogún. Kàsẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo, pupa fòò báyìí, ló dá a sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Òun ni àbúrò mi tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, ní Mushin, àti ọmọ àǹtí wa tó wà ní Houston fi lo ọdún mẹ́rin gbáko tí wọn ò kíra wọn. Wọ́n ti parí ìjà náà tipẹ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó jàre.

Iléeṣẹ́ kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, 486 ni, aṣọ ni ọ̀gá wa máa ń fi bò ó bí ẹni da aṣọ bo ọmọ ìkókó. Tó bá ti di aago márùn-ún tí ọ̀gá ti lọ, Doom là ń gbá lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ géèmù náà, ìbọn ló máa wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó máa wo ohun gbogbo bíi pé ẹ̀yin gan-an lẹ wà nínú ilé ọ̀hún, àwọn àǹjọ̀nú á sì máa yọ sí yín ní kọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ id Software tó wà ní Texas ló gbé e jáde lọ́jọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1993. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ gan-an làwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà jókòó, tí wọ́n ń pariwo pé géèmù oníjàgídíjàgan fẹ́ ba ọmọ àwọn jẹ́! Ọ̀fẹ́ ni apá kìíní ẹ̀, àwọn tó ṣe é ló ní káwọn èèyàn máa dà á kọ fúnra wọn. Bó ṣe dé Yaba nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò mi wá gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì, ló bá rí i. Kò kúrò níbẹ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti sinmi mọ́. Kọ̀ǹpútà kẹ̀? Owó oṣù mi fún ọdún méjì ò lè rà á. Àmọ́ Super Nintendo wà nílé wa ní Surulere, bọ̀dá bàbá wa ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1994. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, wọ́n ti ṣe Doom fún Nintendo o, mo rí i nínú ìwé ìròyìn." La bá kọ̀wé sí ọmọ àǹtí wa. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní Houston, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó yọ ju 50 dọ́là lọ nínú owó iṣẹ́ yẹn, ó rà á, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá, 1996.

Kàsẹ́ẹ̀tì dé, kò wọ ẹnu ẹ̀rọ. Àbúrò mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Òjúwòyè, ìyẹn fi ayùn rẹ́ etí ẹ̀ títí tó fi wọlé. Wọ́n tan iná, ojú tẹlifíṣàn dúdú kirikiri. Ẹ tún wá wò ó, gbogbo kàsẹ́ẹ̀tì tó kù nílé, eérú ni àwọ̀ wọn, eléyìí nìkan ló pupa. Lọ́mọ bá kọ lẹ́tà sí Houston: "Sístà mi, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ bá mi dá ayédèrú yìí padà fún ẹni tó tà á fún yín." Ẹni tó fojú oorun ṣiṣẹ́ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀! Ọdún 2001, níbi ìsìnkú àǹtí wa, làwọn àgbà tó parí ẹ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ tó, àbúrò mi ò gbà. Ó ní ṣé ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Ládípọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ pé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lè fa tírélà? Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Doom fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ní mẹ́mórì MB 4, ó kéré tán. KB 128 ni ti Super Nintendo, ìyẹn ni pé ìdá kan nínú 32. Ọpọlọ ẹ̀ ò tó megahertz 4. Gbogbo Doom lórí kọ̀ǹpútà ju MB 10 lọ, kàsẹ́ẹ̀tì pupa yẹn ò ju MB 2 péré. Èyí tó tún wá burú jù ni pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ Nintendo yàtọ̀. Bíi àwọn tó ń to táìsì nilẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́, á to àwòrán kéékèèké tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ pọ̀, á sì máa sún wọn kiri. Doom ní tiẹ̀, bẹ́ ẹ bá yí orí báyìí, ó gbọ́dọ̀ tún gbogbo ara ògiri kùn lẹ́ẹ̀kan náà, tótó-tótó.

Ohun tí àbúrò mi ò mọ̀ ni pé inú kàsẹ́ẹ̀tì ni ẹ́ńjìnnì wà. Chip kan wà tí wọ́n ń pè ní Super FX, iléeṣẹ́ Argonaut ní ìlú ọba ló ṣe é fún géèmù Star Fox lọ́dún 1993. Oríṣi kejì ẹ̀, tó ń sá megahertz 21, ni wọ́n gbé sínú Doom. Ẹ wò ó bíi ẹni tó gba yàrá kan ní face-me-I-face-you ní Mushin, tó mọ̀ pé NEPA ò ní mú iná wá, tó wá gbé jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ dání. Iṣẹ́ tó kù fún Nintendo ò pọ̀: kó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀, kó gbé àwòrán lọ sójú tẹlifíṣàn, kó kọrin.

Ẹni tó sì ṣe é, Randy Linden lorúkọ ẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Iléeṣẹ́ Sculptured Software ní Salt Lake City ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ o! Wọn ò fún un ní ìwé tí wọ́n fi kọ Doom, nítorí ìparí ọdún 1997 ni id Software tó tú u síta. Ńṣe ló yẹ bí wọ́n ṣe di ẹrù géèmù náà wò, tó sì kọ tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ ńkọ́? Kò sí. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ wọ́n lórí kọ̀ǹpútà Amiga, ó tú kàsẹ́ẹ̀tì Star Fox, ó tún páàdì Nintendo méjì ṣe, ó fi wọ́n so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé irú ọkùnrin yìí ò ní rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní Ládípọ̀. Ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ló tó gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá ẹ̀. Wọ́n gba àṣẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá a parí ẹ̀, Williams sì gbé e sọ́jà lọ́dún 1995.

Kò kúkú gbé gbogbo ẹrù. Ilẹ̀ àti àjà ò ní àwòrán kankan, àwọ̀ lásán ni. Àwọn àǹjọ̀nú ò lè kẹ́yìn sí yín, ojú ni wọ́n ń kọ sí yín nígbà gbogbo, torí ẹ̀yìn wọn ò sí nínú MB 2. Ipele márùn-ún ò sí níbẹ̀ rárá, fèrèsé tẹ́ ẹ máa fi wò ó kéré, ó sì máa ń falẹ̀. Mo fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Àmọ́ kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé! Tí iná bá lọ, ìbẹ̀rẹ̀ apá tẹ́ ẹ wà lẹ máa padà sí. NEPA ọdún 1996 ní Surulere, ẹ ẹ̀ rí i pé Ọlọ́run ló yọ àbúrò mi?

Bẹ́ẹ̀, wọn ò sọ àwọn àǹjọ̀nú di nǹkan míì. Wolfenstein 3D, ẹ̀gbọ́n Doom, tó dé orí Nintendo lọ́dún 1994, ajá inú ẹ̀ ni wọ́n sọ di eku ńlá, wọ́n sì nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí Nintendo ò fẹ́ kọ́mọ máa yìnbọn pa ajá. Eku ò ní ìyá ni?

Kí ló wá dé tí tiwa ò fi ṣiṣẹ́? Kàsẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà fẹ̀ ju ẹnu ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ìyẹn nìkan kọ́, chip kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ, èkejì ẹ̀ wà nínú kàsẹ́ẹ̀tì, bíi ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì méjì tó gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ lọ́wọ́ ara wọn. Ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ò gbọ́ra wọn yé. Ẹni Òjúwòyè ì bá rẹ́ kàsẹ́ẹ̀tì náà di ìdajì, kò ní jẹ́. Àwọ̀ pupa tí àbúrò mi fi ṣe ẹ̀rí ayédèrú yẹn, èyí tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà ni wọ́n fi pupa ṣe. Ojúlówó ni Sístà wa rà.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ fún un. Mo ní Linden ti tú ìwé tó fi kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2020, kí ó lọ wò ó. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé inú ń bí i. Ló bá mú fóònù, ó pe Houston.

"Sístà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojúlówó ni."

Ẹ̀rín ni ìyẹn bú sí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀, etí ẹ̀ ti ré. Mo wá ṣe àṣìṣe, mo sọ fún un pé wọ́n kéde lọ́dún 2024 pé àwọn fẹ́ tún un tẹ̀ jáde, pé Linden fúnra ẹ̀ ló padà sídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú chip tuntun. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi ní, "Sístà mi, ẹ dúró ná. Ẹ bá mi béèrè bóyá tuntun yẹn á wọ ẹnu ti Lọ́ńdọ̀nù."