Orúkọ Ni A Fi Ń Pe Àṣẹ: Ẹ̀kọ́ Láti Dungu fún Olùkọ́ Èdè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó kan iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà lóde òní, àpótí kékeré kan wà tí a lè pè ní àpótí àṣẹ. Olùlò yóò tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, àpótí náà yóò sì ṣí. Yóò tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, àwọn àṣẹ tí ó bá orúkọ náà mu yóò sì tò síwájú rẹ̀. Kò ní í máa fi máòsì wá àṣẹ kiri mọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. GNU Emacs, tí ó jáde ní 1985, ń lò ó. Sublime Text sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ láti 2011. LibreOffice, tí a kì í fowó rà, fi kún tirẹ̀ ní 2021: Shift àti Esc ni a ń tẹ̀. Nínú Google Docs, Alt àti / ni.

Àwọn olùkọ́ èdè abínibí ni àǹfààní rẹ̀ kàn jù. Ẹ wo Dungu ní ìlú Tamale, ní àríwá Gánà, níbi tí ọgbà Yunifásítì UDS kan wà. Dàgbání ni èdè àwọn Dàgòmbà tí wọ́n ni ilẹ̀ náà. Lẹ́tà ɛ, ɔ, ŋ, ɣ àti ʒ tí èdè náà ń lò kò sí lórí pátákó ìtẹ̀wé lásán, gẹ́gẹ́ bí ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò ti sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé pátákó tí a ṣètò fún èdè ni ó dára jù lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí, ẹni tí ó tẹ Shift àti Esc, tí ó sì kọ «special», ti dé ibi tí àwọn lẹ́tà náà wà láìgbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì.

Àwọn kan lè sọ pé àkójọ àṣẹ tí ó hàn sójú sàn ju àpótí tí ó ń béèrè orúkọ lọ. Wọn kò jẹ̀bi pátápátá. Bí orúkọ àṣẹ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àìlórúkọ lédè ẹni ni ìṣòro náà, kì í ṣe àpótí.

Níbi yìí ni Tamale ti ṣíwájú. Kí Wikipedia Dàgbání tó fìdí múlẹ̀ ní 2021, ìlànà Wikimedia béèrè pé kí a kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú ètò náà tí a ń lò jù. Orúkọ ni ó ṣáájú ìwé. Yorùbá, Haúsá àti Ígbò náà wà lójú Windows 7 rí. Ṣùgbọ́n Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró ní 2020. Ètò a máa kọjá lọ. Orúkọ tí a bá kọ́ ọmọ ni kì í lọ.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ èdè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní lílo àpótí àṣẹ, kí ó sì fẹnu kò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí orúkọ kan ṣoṣo fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan: ṣí, wá, fi pamọ́, ṣe ẹ̀dà, tẹ̀ jáde. Kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ètò pé ẹni tí ó bá kọ «fi pamo» láìsí àmì ohùn gbọ́dọ̀ rí «fi pamọ́». Èdè tí kò bá lè pàṣẹ fún irinṣẹ́ ìgbà rẹ̀, inú ìwé ìdánwò nìkan ni yóò kù sí.