Iyì Ẹni, Ọwọ́ Ẹni Ló Wà: Èrò Kan Lórí Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá sí Ara Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti tẹ̀ lé. Bí a bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, yálà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ní Mọ́kọ́lá, a óò rí i pé àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́bi pọ̀ lọ jaburata, ṣùgbọ́n orúkọ tiwọn kì í sí níbẹ̀. JAMB ni kò jẹ́ kí wọ́n wọ Yunifásítì. Òbí ni kò lówó. Ìjọba ni kò gba olùkọ́ síṣẹ́. Ayé ni kò fẹ́ kí wọ́n gòkè. Bí a bá sì bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé kí ni ó ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò kọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, "Yorùbá ni wọ́n fún mi." Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn náà. Kò sọ pé Yorùbá ni òun ń kọ́. Ó ní wọ́n fún òun ni. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ayé ara rẹ̀ bí ẹrù ẹlẹ́rù tí wọ́n gbé kà á lórí, báwo ni yóò ṣe níyì lójú ara rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀bi ohun tí ó dé bá ènìyàn lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ojúṣe ohun tí yóò ṣe sí i, tirẹ̀ ni. Inú ojúṣe yìí ni iyì tí kì í ṣá ti ń wá.

Orí àti Ẹsẹ̀ nínú Èrò Yorùbá

Àwọn kan lè sọ pé àwọn baba wa gan-an ló kọ́ wa pé àyànmọ́ kò gbóògùn, nítorí náà kí ni ènìyàn fẹ́ dá ṣe? Bí a bá wo ìtàn inú Ifá fínnífínní, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, ni wọ́n jọ ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá. Méjì kánjú lọ, wọ́n sì gbé orí tí ó dán lójú ṣùgbọ́n tí kò jiná. Òjò pa á lọ́nà, ó sì fọ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì rú ẹbọ tí wọ́n yàn fún un. Nínú iyọ̀ tí ó mú dání ni ó ti fún oníbodè, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń lò ó. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ó bá a san gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà náà ni Àjàlá bá a yan orí rere. Ta ni yóò wá sọ pé Afùwàpẹ́ kàn ṣe kòńgẹ́ orí rere ni? Sùúrù rẹ̀, ìtẹríba rẹ̀ àti ọ̀yàyà rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ifá tún sọ ti àwọn Orí tí wọ́n pe ìpàdé ara wọn láìpe Ẹsẹ̀ sí i. Ìjà ni ìpàdé náà fi parí. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó gún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi yé wa nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ìgbìyànjú ọmọ ènìyàn ni Ẹsẹ̀ dúró fún nínú èrò yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fi àyànmọ́ ṣe àwáwí, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kan ní Ọ̀rẹ́méjì

Kí a má baà máa wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ kí a wo inú Mọ́kọ́lá níhìn-ín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló ti gba Ọ̀rẹ́méjì kọjá láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni Demas Nwoko kọ́ ilé iṣẹ́-ọnà rẹ̀, New Culture Studio, sí. Ọmọ Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta ni. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Sáríà, kì í ṣe iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ní Sáríà náà ni òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Uche Okeke àti Bruce Onobrakpeya ti pinnu pé àwọn kò ní máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn Òyìnbó lásán. Àwọn yóò mú ohun tí ó dára níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ó di olùkọ́ ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nwoko kò gba oyè nínú ìmọ̀ ilé yíyà, síbẹ̀ ó ya ilé. Òun ló ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn níhìn-ín. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilẹ̀ pupa wa, tí wọ́n ń wò ó bí ohun èlò tálákà, òun po ó mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi mọ ògiri tí ó tutù nínú oòrùn. Kò dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 87, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní ìlú Venice ní Ítálì, fún gbogbo iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe nínú ilé yíyà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti àmì ẹ̀yẹ náà. Bí wọn kò bá fún un, ògiri Ọ̀rẹ́méjì kò ní wó. Ó ti níyì lójú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Venice tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Iyì Olùkọ́ Yorùbá Kì í Ṣe Ẹ̀bùn Ìjọba

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, a yan fanda. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Orí ọ̀pọ̀ wa sì wálẹ̀. Mo gbà pé ìjọba ṣàṣìṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ sókè kí a má dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan láti Àbújá bá lè gbé iyì wa ga lónìí, tí òmíràn sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́la, a jẹ́ pé Àbújá ni iyì náà wà, kò sí lọ́wọ́ wa.

Ẹ rántí ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ìwé tí wọn ìbá fi ṣe é kò sí nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọn ìbá fi sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò pé. Wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ìjọba bá fagi lé ìlànà, kò lè fagi lé èsì yìí.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu ẹni tí ó ti níṣẹ́. Òótọ́ ni pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bíbéèrè ẹ̀tọ́ ẹni gan-an jẹ́ ara ojúṣe ẹni. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn káwọ́ gbera títí ẹ̀tọ́ náà yóò fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí Yunifásítì wọ̀ lè mọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀ dáadáa. JAMB kò dí i lọ́wọ́. Ó lè gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kí ìyá náà tó lọ. Ó lè kọ ìtàn kan ṣoṣo tí ọmọ kíláàsì kejì yóò lè dá kà. Iyì kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Iṣẹ́ kékeré tí a ṣe parí ló ń gbé e wá.

Bí a bá sì dé iwájú kíláàsì, ojúṣe wa di méjì. Olùkọ́ tí ó ń pe ọmọ ní olódo, tí ó ń ní orí rẹ̀ kò pé, ń kọ́ ọmọ náà láti di ẹni tí ń wá ẹlẹ́bi kiri. Ìyìn asán náà kò sì sàn jù ú lọ, nítorí ọmọ mọ ìgbà tí òun kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà àwọn ìyá wa dára ju méjèèjì lọ. Bí ìyá bá ń ki ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀, ó ń gbé e ga, ó sì ń rán an létí iṣẹ́ àti ìwà àwọn tí ó bí i, pé kí ó má dójú tì wọ́n. Ìwúrí àti ojúṣe jọ ń wọlé pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a fún ọmọ ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, kí a jẹ́ kí ó ṣe é parí fúnra rẹ̀, kí a sì yìn ín fún ohun tí ó ṣe gan-an.

Ìkádìí

Ní àkótán, n kò sọ pé ayé dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Kò dọ́gba rí. Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ lọ́la fún ni pé kí wọ́n yí gbólóhùn kan péré padà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá tún bi yín léèrè ohun tí ẹ ń kọ́, ẹ má ṣe ní wọ́n fún yín. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ ní, "Yorùbá ni mò ń kọ́," kí ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́rìí sí i.