Kókó Tí Kì í Dunni, Ẹ Má Fojú Tínrín Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Aláṣọ kan ní àdúgbò wa ni ó pè mí wọ inú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.” Kókó kan yọ sí i ní apá ọ̀tún, ó tó ẹyin adìẹ. Mo ní, “Àbúrò, láti ìgbà wo?” Ó ní ó ti di oṣù mẹ́jọ, kò sì dun òun. “Wọ́n ní bí mo bá dé ọsibítù, wọn yóò gé apá mi. Apá wo ni n ó wá fi máa wọn aṣọ?”

Ẹ gbọ́ o. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá lásán ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn jẹ́ jẹjẹrẹ tí ń hù nínú ẹran ara, nínú ọ̀rá tàbí lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Sarcoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà máa ń ràn dé.

Láyé àtijọ́, gígé apá tàbí ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1982, Dókítà Steven Rosenberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé nípa aláìsàn 43 jáde. Wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ àwọn 16. Ní ti àwọn 27 yòókù, kókó nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi ìtànṣán tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní oògùn jẹjẹrẹ. Àwọn 4 nínú àwọn 27 ni àrùn náà tún padà sí ojú ibi tí ó wà; síbẹ̀, àwọn tí wọ́n gé kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò gé lọ.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Abẹ ń yọ kókó pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tí ó yí i ká. Ìtànṣán ń pa ìyókù tí ojú kò rí. Oògùn tí a ń fà sínú iṣan, irú bíi doxorubicin, ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti lé èyí tí ó ti sá lọ. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bí kókó bá kéré, tí kò sì jinlẹ̀, abẹ nìkan lè tó. Ìtọ́jú náà nira. Oògùn ń mú irun re, ó sì lè ba ọkàn jẹ́. Ìtànṣán tí ó bá ṣáájú abẹ lè mú kí ojú egbò pẹ́ kí ó tó jinná.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú la kókó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èyí tí ó bá tó ẹyin adìẹ, tàbí tí ó ń dàgbà sí i, tàbí tí ó jinlẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ìtọ́jú wà: ní 2019 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH, tòun ti ẹ̀rọ ìtànṣán, ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó.

Ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ni èmi àti aláṣọ wa jọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti gba ẹran fún àyẹ̀wò. A ń retí èsì. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.